Lẹ́tà sí Ìyá Morẹ́nikẹ́ lórí Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì

Òpópónà Bájuláyé,
Ṣómólú, Èkó.
8 oṣù Kọkànlá, 2025.

Ìyá Morẹ́nikẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Morẹ́nikẹ́ àti àwọn ọmọ. Ẹ kú ìfaradà òtútù Kánádà. Ara mi le, ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀, Tóbi ti wọ yunifásítì, wọ́n sì ti tún òrùlé ilé ìyá rẹ ní Bárígà ṣe. Má bínú pé mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò jẹ́ kí n ráyè ròyìn: wọ́n fẹ́ gba Bàbá Ìbejì, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, mọ́ wa lọ́wọ́.

O ti mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Alákadá ni. Ó ti ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ mẹ́rin, ó sì ti ń kó àwọn tó mọṣẹ́ jọ ní kọ̀rọ̀ nítorí pósítà ìdìbò 2027. Ìyá Sùkúrà alẹ́wà ló sọ fún mi pé òun fojú ara òun rí i níbi tó ti jókòó ti Bàbá Ìbejì lórí bẹ́ǹṣì, tó sì sanwó oúnjẹ àwọn méjèèjì. Ìwọ náà mọ̀ pé ọkùnrin yẹn kì í ra ẹ̀wà fún ẹnikẹ́ni lásán. Mo rẹ́rìn-ín níwájú Ìyá Sùkúrà, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ kò tíì sọ ohunkóhun. Láàárọ̀ àná, nígbà tí a ń tẹ kàlẹ́ńdà ìjọ kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Ó gbé bébà, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó gbọ̀n ọ́n títí ewé kọ̀ọ̀kan fi ya ara wọn, ó tò ó sórí ẹ̀rọ, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i, ó lọ ń po yíńkì. Etí ló fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà. Bí ìró rẹ̀ ṣe yí padà díẹ̀, ó ti na ọwọ́ pa á kí bébà méjì tó wọlé pọ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Níbo ni mo ti fẹ́ ra irú etí bẹ́ẹ̀? Ìwọ náà mọ iye tí bébà dídán ń ná wa: láti òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, dọ́là tí a sì ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá 1,400 báyìí. Bí bébà bá bàjẹ́, inú èrè wa ló ti ń jáde.

Mo ti fi kún owó oṣù gbogbo wọn léraléra láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ṣùgbọ́n kí oṣù kejì tó pé, owó ọkọ̀ á ti gbé àfikún náà mì. Wọ́n gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti 30,000 náírà sí 70,000 ní oṣù Keje 2024, ìjọba Èkó sì sọ pé 85,000 ni ti àwọn. Lóòótọ́, òfin náà kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ṣùgbọ́n oníràísì ọjà Bárígà kì í béèrè iye òṣìṣẹ́ tí a jẹ́ kó tó dá iye lé ọjà rẹ̀. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé mo yí àsìkò iṣẹ́ padà. Bàbá Ìbejì ń gbé ní Agbádò, nítorí náà mo jẹ́ kó máa wá kó sì máa lọ ní wákàtí tí ọkọ̀ ojú irin Red Line bá bá a mu, dípò kó máa na ara rẹ̀ nínú dáńfó. Àwọn obìnrin tó ń ká ìwé tí wọ́n sì ń dì í ń ṣe ọjọ́ gígùn mẹ́rin dípò mẹ́fà, owó ọkọ̀ ọjọ́ méjì sì kù sí wọn lọ́wọ́. Ní ìparí oṣù, mo máa ń ṣí ìwé ìṣirò sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn, kí wọ́n fojú rí ohun tó wọlé àti ohun tí iná mànàmáná kó lọ. Láti ìgbà náà ni ìkùnsínú ti dín kù. Ọmọ tó ń ṣe gíráfíìsì ti lọ ní tirẹ̀. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Amẹ́ríkà, mo gbàdúrà fún un, nítorí n kò lè bá dọ́là díje. Àwọn ọ̀gá kan ládùúgbò yìí ń sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ lọ máa lọ, pé àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀ níta. Òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ni àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́, àwọn tó mọ irú ẹ̀rọ tiwa dunjú sì ń dàgbà lọ.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Bàbá Ìbejì béèrè lọ́wọ́ mi nígbà kan, bí ẹni ń ṣeré, pé lọ́jọ́ tí apá òun kò bá ká iṣẹ́ mọ́, kí ni òun yóò nawọ́ sí pé tòun ni. N kò rí èsì fún un. Ẹ̀rọ aláwọ̀ méjì tí èmi àti ìwọ jọ ni, mo fẹ́ kí kálukú wa yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ sílẹ̀, kí ìdá mẹ́wàá jẹ́ tirẹ̀ ní àkọsílẹ̀. Bí a bá sì ta ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kan, kó gba ìdá mẹ́wàá owó rẹ̀. Mo sì tún fẹ́ bẹ̀ ọ́ pé kí owó èrè ìparí ọdún tìrẹ dúró di oṣù Kẹta, kí n lè fi san owó oṣù kan lé e fún gbogbo wọn ní Kérésìmesì. Mo mọ̀ pé ẹ ń san gbèsè ilé lọ́hùn-ún. Bí kò bá rọrùn, gba ìdajì. Bí o bá sì kọ̀ pátápátá, n kò ní bínú, èmi náà yóò wọ ṣòkòtò Bàbá Ìbejì, n ó máa yí ẹ̀rọ fúnra mi, kí àwọn oníbàárà sì fara da ohun tí ojú wọn bá rí.

Mo ti kọ ìwé àdéhùn náà, n ó fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp lálẹ́ òní. Jọ̀wọ́ fọwọ́ sí i kí o sì dá a padà kó tó di ogúnjọ́ oṣù yìí, nítorí oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ̀rọ Alákadá yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, pe Bàbá Ìbejì fúnra rẹ, nítorí ó ń gbọ́ tìrẹ ju tèmi lọ láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ló dára jù, ó máa ń ráyè gbọ́ fóònù nígbà náà. Má ṣe jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti gbọ́ nípa ẹ̀wà o.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Tóbi.