Ẹ ṣí sìlíńdà bíréèkì wò kí ẹ tó jù ú nù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni tó kọ̀wé sí yín láti Ìbarà, tó ní mẹkáníìkì tó bá pààrọ̀ rọ́bà inú bíréèkì tàbí kílọ́ọ̀ṣì, tí kò ní kí oníbàárà ra odidi sìlíńdà tuntun, ìyẹn àgbá irin kékeré tí rọ́bà àti ọ́ìlì ń rìn nínú rẹ̀, ẹ̀mí èèyàn ló fi ń ṣeré. Mo ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Láfẹ́nwá. Bí gbogbo onímọ́tò bá gba ìmọ̀ràn yẹn, àpò tèmi ni owó máa wọ̀, torí èrè orí odidi másítà (sìlíńdà tó wà lẹ́yìn pẹ́dàlì) ju ti kíìtì rọ́bà (àkójọ rọ́bà inú rẹ̀ nìkan) lọ dáadáa. Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn.

Nǹkan méjì ló ń bàjẹ́ nínú sìlíńdà, wọn kì í sì í sábà bàjẹ́ pọ̀. Rọ́bà ló máa ń kọ́kọ́ lọ: á gbó, á le, ẹnu rẹ̀ á jẹ, ọ́ìlì á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Irin tí rọ́bà yẹn ń rìn nínú rẹ̀ lè ṣì wà bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Omi ló ń ba irin jẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ ṣe ń ṣe lásìkò òjò, omi náà á lọ jókòó síbi tó rẹlẹ̀ jù, á sì máa jẹ irin ní ihò ihò. Kò tán síbẹ̀. DOT 3, ọ̀kan lára irú ọ́ìlì bíréèkì, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí ìdá 4 nínú 100, ó lè hó ní 140°C. Ẹni tó kó ẹrù, tó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkú títí dé ìsàlẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀ lè hó di oru, á tẹ pẹ́dàlì títí, kò ní rí nǹkan kan dì mú. Sìlíńdà tuntun kò lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn bí ọ́ìlì ọdún gbọ́nhan bá ṣì wà nínú páìpù. Ọdún méjì méjì ló yẹ kí èèyàn máa pààrọ̀ rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ń ṣe é?

Nítorí náà, kí wọ́n tú u kalẹ̀, kí wọ́n fi spírítì fọ̀ ọ́, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ẹ fi èékánná gba ara irin náà níbi tí rọ́bà ń gbà kọjá. Bó bá ń yọ̀, tí èékánná kò kọ́ nǹkan kan, kíìtì rọ́bà tó. Bí èékánná bá kọ́ ihò, ẹ ra òmíràn. Àwọn kan á ní àwọn lè fi sáńdípépà ha ihò náà kúrò. Kí ihò tó kúrò, inú sìlíńdà á ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà kò sì ní kún un mọ́. Èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ló burú jù, torí awọ líle kan wà nínú rẹ̀ tó ń dáàbò bò ó. Bí sáńdípépà bá ti bó awọ yẹn, ó parí.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ̀rọ̀ tuntun bí ẹni pé gbogbo tuntun ló jẹ́ ojúlówó. Mo wà lọ́jà. Páálí tó dára ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ pọ̀ níbẹ̀. Ti tókunbọ̀ ńkọ́? Ta ló mọ iye ọdún tó ti lò nílẹ̀ lórí ọkọ̀ tí wọ́n pa tì, tí rọ́bà rẹ̀ ń gbẹ? Bí ẹ bá ra másítà tókunbọ̀ lọ́wọ́ mi, irin lásán ni mo tà fún yín. Ẹ ra kíìtì mọ́ ọn. Ẹni tó ṣì ń gun Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà kan, irin tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀ lè sàn ju èyí tí wọ́n ń kó wọlé báyìí. Ní òkè òkun, àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ tiẹ̀ máa ń gbé irin tó ti jẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fẹ inú rẹ̀, táá sì ki páìpù idẹ tàbí irin tí kì í dípẹtà sí i.

Ibì kan wà tí mo ti gbà fún un. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, lower clutch, ìyẹn sìlíńdà ìsàlẹ̀ tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì, ti wọnú ilé jíà lọ, ó rí roboto, àyàfi kí wọ́n sọ jíà kalẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Ìyẹn, tuntun ni, ìgbà tí wọ́n bá sì ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ti Hiace tó wà níta kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi rọ́bà tuntun sí upper, ìyẹn sìlíńdà kílọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn pẹ́dàlì, ẹ má fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀, torí agbára tuntun tó ń ti òkè bọ̀ ló máa tú àṣírí rẹ̀.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ rọ́bà lórúkọ jẹ́ jù ni ọwọ́ tó ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ á sáré wá: “Màmá, kíìtì tí ẹ tà fún wa kò dáa o, ó wú.” Mo á gbà á, mo á gbóòórùn rẹ̀. Kẹrosíìnì! Rọ́bà bíréèkì kò bá kẹrosíìnì, pẹtiróò, gíríìsì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ́. Gbogbo wọn ló ń mú un wú. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú ike bíréèkì, gbogbo rọ́bà tó kàn ló máa kúrò, títí kan hóòsì. Àṣìṣe kejì: bí wọ́n bá ń fa afẹ́fẹ́ jáde lára másítà tó ti pẹ́, wọ́n á máa tẹ ẹsẹ̀ dé ilẹ̀ pátápátá. Rọ́bà á wá dé ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀, níbi tí ìpẹtà ti kó jọ, á sì ya. Kí wọ́n fi pákó kékeré há abẹ́ pẹ́dàlì.

Bí wọ́n bá parí, yálà rọ́bà ni wọ́n pààrọ̀ tàbí odidi rẹ̀, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ ṣáná sí i, kí ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Bó bá ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí ọ́ìlì kò sì kán síta níbì kankan, inú másítà ló ń gbà kọjá. Ẹ má tíì san owó iṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Oníṣòwò ẹ̀yà ọkọ̀,
Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta.