Fọ́tò ìwọ àti Táíwò

Ìlá Ọ̀ràngún

Kẹ́hìndé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Lọ́ńdọ̀nù ò pọ̀ jù? Màámi ní kí n kí ọ, kí n kí àwọn ọmọ.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń kó àwọn fọ́tò àtijọ́ ilé wa sínú kọ̀ǹpútà. Àbúrò mi ló yá mi ní sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku ò sì jẹ́ kí gíláàsì rẹ̀ mọ́: n ó nù ún tán, n ó tún nù ún. Álíbọ́ọ̀mù tí ojú ewé rẹ̀ ń lẹ̀ yẹn ló fìyà jẹ mí jù. Téèyàn bá fi ìkánjú fa fọ́tò inú ẹ̀, ojú ẹni tó wà níbẹ̀ á bó. Òwú tí wọ́n fi ń nu àárín eyín ni mo ń fà lọ fà bọ̀ lábẹ́ ẹ̀ títí tó fi ṣí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí tiyín. Ìwọ àti Táíwò jókòó, aṣọ kan náà lọ́rùn yín, wọ́n fi bírò kọ 1976 sẹ́yìn ẹ̀. O sì máa ń sọ fún mi pé kò sí fọ́tò Táíwò kankan láyé! Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Dpi 600, ìyẹn ẹgbẹ̀ta àmì nínú íńṣì kan, ni mo fi kà á, kó lè ṣeé fẹ̀ dáadáa. Bí mo ṣe fẹ̀ ẹ́, mo rí i pé bọ́tìnì kejì ò sí lára aṣọ ọmọ tọ̀tún. Kò sí lára tòsì náà. Àpá kan náà ló wà lórúnkún àwọn méjèèjì. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín yín kọjá.

Mo bi Màámi. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní Táíwò ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò yẹn. Onífọ́tò gbé ọ jókòó sápá ọ̀tún, ó yà ọ́. Ó tún gbé ọ sápá òsì, ó wá tẹ méjèèjì pa pọ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fọ́tò ìbejì níbí nígbà náà nìyẹn tí ọ̀kan bá ti lọ, bí àwọn tó ṣáájú wọn ṣe ń gbẹ́ ère. Màmá yín ló fún wọn ní ẹ̀dà kan tọ́jú.

Ọmọ mi ní òun lè pa ìlà náà rẹ́. Mi ò gbà. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún Màmá yín gan-an ni kó ṣe dé ọwọ́ rẹ. Mo ti ka ẹ̀yìn ẹ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà, torí ọwọ́ wọn ló kọ ọ́.

Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Tí o bá ti ṣe tán láti rí i, pè mí. Bíi Document ni n ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó má baà dín in kù.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́