Sí Ràmátù ní Marrakech

Ràmátù ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé ara le? Àwa wà ní Àjàṣẹ́ ńbí, òjò ò jẹ́ ká rímú mí, màmá ẹ ní kí n kí ẹ. Mo gbọ́ ohùn tó o gbà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ilẹ̀ mì lóru, pé bí ife ṣe ń jó lórí tábìlì lo ki eré mọ́lẹ̀ láìwọ bàtà, láti òkè kẹrin pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé ìsàlẹ̀. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ̀rù wá ń bà mí.

Mo mọ ibi tó o ti kọ́ eré yẹn ṣá. Ilé alámọ̀ tí wọ́n bí wa sí, tí ògiri bá ti dún "kẹ̀" lásìkò òjò, ìta ni gbogbo ilé ń sá sí. Ìyẹn dáa fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, tí ilẹ̀kùn ò jìnnà sí, tí gbangba sì wà níwájú ẹ̀. Ìwọ tó ò ń gbé òkè kẹrin ńkọ́? Orí àtẹ̀gùn lèèyàn ti ń ṣubú, ẹni tó bá sì dé ẹnu ọ̀nà, gíláàsì àti bíríkì lè já lù ú lórí.

Tó bá tún ń mì, kúnlẹ̀, fọwọ́ tẹlẹ̀, wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára kó o di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú ṣinṣin torí tábìlì ọ̀hún náà máa fẹ́ rìn lọ. Tí ò bá sí tábìlì, jìnnà sí wíńdò, ká kò, fọwọ́ bo orí àti ẹ̀yìn ọrùn. Tó bá ká ẹ mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, má dìde, ìrọ̀rí ni kó o fi bo orí. Àwọn tó ń sọ pé kéèyàn dúró sáàárín férémù ilẹ̀kùn, má dá wọn lóhùn jàre.

Ilẹ̀ tó mì ní Morocco yín níbẹ̀ ní 8 September 2023 yẹn, aago mọ́kànlá alẹ́ kọjá díẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, 6.8 ni wọ́n wọn agbára ẹ̀ sí, ó pa èèyàn tó sún mọ́ 3,000. Torí náà fi bàtà àti tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gíláàsì tó fọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn kì í ṣeré. Bẹ onílé kó jẹ́ kó o fi súkúrù de kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mọ́ ògiri, kó o sì yọ dígí ńlá tó wà lókè orí ẹ, mo rí i nínú fọ́tò, kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Tó bá dáwọ́ dúró, pa gáàsì, tó bá ń rùn má ṣáná, má tan iná mànàmáná, fẹsẹ̀ rọra sọ̀kalẹ̀, má wọ ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè sódò, torí ó tún máa ń mì lẹ́yìn náà. Má sọ pé ti ẹ kéré o. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Agadir, ìlú míì ní Morocco níbẹ̀, lọ́dún 1960 ò lágbára tó ti 2023, síbẹ̀ ó pa èèyàn tó lé ní 12,000, abẹ́ ìlú gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, ilé wọn ò sì le.

Àwọn mẹ́sééjì pé "òmíràn ń bọ̀ ní aago báyìí lálẹ́ òní" tó o fi ránṣẹ́, irọ́ ni, kò tíì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ àti wákàtí ẹ̀, má fi ránṣẹ́ sí màmá ẹ, ìyá yẹn ò ní sùn. Tó bá ṣẹlẹ̀, SMS kan péré ni kó o fi ránṣẹ́ sí mi, má pè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa há, èmi ni màá lọ sọ fún wọn nílé.

Gàrí tó o béèrè wà nílẹ̀, ẹni tó máa gbé e wá ni mò ń wá.

Èmi ni,
Àbíkẹ́