Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ Igbájọ ní Ìtàn

Àjọkẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo tún un gbọ́, ìyá rẹ náà gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. O ní ọmọ mẹ́tàlá ló sùn lọ ní kíláàsì bí o ṣe ń ka ọdún tí ọba jẹ àti ọdún tó wàjà fún wọn, pé ọ̀kan tiẹ̀ ń hanrun. O wá bi mí pé, "Dádì, báwo ni ìtàn ṣe wọ ẹ̀yin lára?"

Ẹ̀bi rẹ kọ́. Ètò ọrọ̀ ajé lo kà, àwọn tó pín ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ kiri sì ní kí o lọ kọ́ni ní Ìtàn. Ìwọ gan-an kò rí i kọ́: sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010, tí o ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ìjọba yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ yín. Ẹni tí kò tọ́ iyán wò rí ni wọ́n ní kó gún un fún àlejò.

Lọ́dọ̀ tèmi, kì í ṣe ilé ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀. Nílé ìwé, Mungo Park ni wọ́n fi nà wá. Tíṣà ní òun ló rí Odò Ọya lọ́dún 1796. Ọ̀rẹ́ mi kan nawọ́, ó ní ṣé àwọn tó ń fi omi odò náà sebẹ̀ kí òyìnbó tó dé kò rí i ni. Ẹgba mẹ́fà ló jẹ. Kò sẹ́ni tó tún béèrè nǹkan kan mọ́ ní kíláàsì yẹn títí a fi jáde.

Ìyá bàbá mi ló kó bá mi. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí: "Ọmọ Oníkòyí! Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, àfi bó bá gbà á gangan níwájú." Mi ò mọ ọfà, mi ò mọ ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n mo mọ Ìkòyí. Ìkòyí l'Ékòó, níbi táwọn olówó ń gbé! Mo lọ fọ́nnu fáwọn ẹgbẹ́ mi ládùúgbò pé Ìbàdàn kọ́ nilé wa, pé a máa tó kó padà sí Ìkòyí. Ọ̀rọ̀ dé etí ìyá àgbà. Ó fọwọ́ gbá mi lórí, ó ní, "Ìkòyí wo l'Ékòó, ìwọ ọmọ yìí? Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n pọ̀n jáde ní Ìkòyí nígbà tí ogun fọ́ ọ. Ọmọ ọwọ́ ni."

Ọmọ ọwọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Tó bá ké ńkọ́, tí àwọn jagunjagun sì gbọ́? Ta ló pọ̀n ọ́n? Kí ni wọ́n fún un jẹ lọ́nà? Nínú gbogbo ìlú tó wà láyé, kí ló dé tó jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n sá wá? Mo bi ìyá àgbà. Díẹ̀ ló mọ̀ nínú rẹ̀. Ì bá mọ gbogbo rẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán lára mi.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, tíṣà àgbà kan ládùúgbò yá mi ní ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ. Ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e tì. Ìgbà kẹta, mo ṣí i lọ tààrà síbi tí ogun Ìlọrin ti ń fọ́ àwọn ìlú Ọ̀yọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bá Ìkòyí níbẹ̀. Mo tún bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́, ìyẹn akọni jagunjagun Ọ̀yọ́, tí kì í gbọfà lẹ́yìn, bí ìyá àgbà ṣe ń kì í fún mi gẹ́lẹ́. Ara mi bù máṣọ.

Johnson fúnra rẹ̀, Sàró ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1846, Ìbàdàn ló dàgbà sí. Ó sọ níbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa ìgbà náà mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ti ilẹ̀ wọn ni wọn kò mọ̀. Ó jọ pé ohun tó ń ta á lára nìyẹn. Ó jókòó ti àwọn arọ́kin, àwọn tó ń pa ìtàn mọ́ láàfin, ó bi Lágùnjù, Tìmì Ẹdẹ, ó bi àwọn àgbà ìjọ. Ọdún 1897 ló parí iṣẹ́; ó fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó, ìwé náà sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, ló tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó kù. Nígbà tí ìwé fi máa jáde ní 1921, Obadiah náà ti kú.

Ibi tó ti kàn ọ́ rèé. Ní 1886, gómìnà Èkó rán Johnson yìí àti àlùfáà Charles Phillips pé kí wọ́n lọ pẹ̀tù sí ogun Kíríjì. Àwọn Ìbàdàn wà lápá Igbájọ, Èkìtì Parapọ̀ tí Ògèdèǹgbé ṣáájú wọn wà lápá Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti kọjú ìjà síra wọn. Ààrẹ Látòósà ti kú sí búdó ní 1885. Àjọkẹ́, orí ilẹ̀ yẹn lo dúró lé tí o ń ka ọdún tí ọba jẹ!

Lọ́la, má kọ nǹkan kan sára pátákó. Bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń pe ogun náà ní Kíríjì. Ìró ìbọn ni, bó ṣe ń dún láàárín òkè. Ní kí ọmọ tó ń hanrun yẹn kọ́kọ́ fẹnu dún un, kí gbogbo kíláàsì wá gbè é. Ọ̀gá ilé ìwé lè bínú, bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ní kí kálukú lọ bá ẹni tó dàgbà jù nílé wọn, kó gba oríkì rẹ̀, kó mú ọ̀rọ̀ kan tí kò yé e níbẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá mú un dé, má yára túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Jẹ́ kó máa yún wọn.

Kí o sì mọ̀ pé oríkì kì í sọ ohun tí ilé kò fẹ́ gbọ́. Ìbàdàn tó gba àwa ọmọ Ìkòyí mọ́ra ló fi ajẹ́lẹ̀, àwọn aṣojú tó ń ṣàkóso ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun, ni àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì lára títí wọ́n fi gbé ìbọn. Ìyá àgbà kò kì mí débẹ̀ rí. Bí ọmọ kan bá dìde pé Ìbàdàn kó ìyá ìyá òun lẹ́rú, má gbèjà wa, jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Johnson pàápàá, ẹ̀jẹ̀ Aláàfin Abíọ́dún wà lára rẹ̀. Tí mo bá ń kà á, ojú mi kan máa ń ṣọ́ ọ.

Ìyá rẹ ní gàrí tí o ń mu lálẹ́ yẹn tó gẹ́ẹ́. Mo ti fi owó sínú àkáǹtì rẹ, má fi gbogbo rẹ̀ ra dátà. Nígbà táwọn ọmọ bá kó ọ̀rọ̀ wọn dé, fi èyí tó bá le jù níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ