Obìnrin tó ń ṣi oògùn lò: ẹ jẹ́ ká tètè bi í léèrè

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ìwádìí ìjọba lórí ìlòkulò oògùn ní Nàìjíríà, èyí tó wáyé ní 2018, fi hàn pé ọ̀kan nínú mẹ́rin àwọn tó ń ṣi oògùn lò ni obìnrin. Ọ̀pọ̀ wá gbà pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Rárá o! Obìnrin tó bá bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń tètè di ẹrú oògùn ju ọkùnrin lọ.

Ara obìnrin wà lára ohun tó fà á. Họ́mọ̀nù estrogen, tó pọ̀ lára obìnrin ju ti ọkùnrin lọ, ń ru dopamine sókè, ìyẹn èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé "èyí dùn, tún un ṣe". Ní ti ọtí, omi ara obìnrin kéré sí ti ọkùnrin, nítorí náà ìgò kan náà á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ìtura ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń wá, kì í ṣe fàájì. Inú ń run obìnrin kan lásìkò nǹkan oṣù, ọ̀rẹ́ fún un ní tramadol kan, oògùn ìrora tó lágbára. Ó di ojoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá lò ó, òógùn á bò ó, á máa yàgbẹ́ gbuuru, oorun á dá lójú rẹ̀, á tún sáré padà sídìí rẹ̀. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kó sọ.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn aláboyún, ẹ bi aláboyún léèrè ní kọ̀rọ̀ bóyá ó ń ṣi oògùn lò, láìsí ọkọ tàbí ìyá ọkọ nítòsí. Bó bá jẹ́wọ́, ẹ má sọ pé kó jáwọ́ lójijì: ìyẹn léwu fún oyún. Ẹ fà á lé dókítà lọ́wọ́.

Òṣìṣẹ́ ìlera kan,
Ìbàdàn.