Sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tó Ń Yan Mọ́kànlá Lórí Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìbàdàn,

Mo kí yín. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ní àdúgbò wa ní Òkè-Àdó ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni ọmọ náà ń kọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó bínú jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kejì fi parí, nítorí pé ó yan ẹni tí kò yẹ nínú ìdíje Fantasy Premier League tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá owó sí, ìyẹn eré orí fóònù tí ènìyàn ti ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ohun tí wọ́n bá ṣe ní pápá gidi sì ń di póìǹtì fún un. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ti to mọ́kànlá rẹ̀, ó sì tò ó dáadáa. Ó fi atamátàsé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti inú ìpalára sórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan tí kì í pa eré jẹ sínú ikọ̀. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí àkókò yíyàn parí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ atamátàsé yẹn lórí WhatsApp. Ó yí ọkàn padà, ó gbé ọkùnrin náà wọlé, ó tún fi ṣe balógun ikọ̀, ó sì lé agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn yẹn lọ sórí bẹ́ǹṣì.

Ìṣẹ́jú 89 ni atamátàsé náà tó wọ pápá. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí ó lé gbá góòlù kan wọlé, kò sì sí bọ́ọ̀lù tó wọ ilé ikọ̀ rẹ̀, ni póìǹtì 12 bá jókòó gbẹ́rẹ́gẹ́dẹ́ sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ mọ òfin náà. Bí ẹni tí ẹ yàn kò bá gbá bọ́ọ̀lù rárá, ẹni orí bẹ́ǹṣì lè rọ́pò rẹ̀, igbákejì balógun náà lè gba ipò balógun. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ìṣẹ́jú kan péré tẹ pápá, ó parí nìyẹn. Póìǹtì kan ni ọkùnrin náà mú wá, wọ́n sọ ọ́ di méjì nítorí ipò balógun.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ohun tí ọmọ náà fi ojú ara rẹ̀ rí ní Ọjọ́bọ̀, ariwo lásán gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àbámẹ́ta.

Pápá Liberty, tí wọ́n ń pè ní Pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, ni a dàgbà sí. Ní ayé IICC Shooting Stars, nígbà tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Muda Lawal ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ikọ̀ náà sì gba ife ẹ̀yẹ àwọn agbaife Áfíríkà (African Cup Winners' Cup) ní ọdún 1976, a máa ń dúró sẹ́yìn akọ́nimọ̀ọ́gbá, a ó máa pariwo orúkọ ẹni tí ó wù wá kí ó wọlé. Àwọn àgbàlagbà a bọ́ fìlà, wọ́n a máa jù ú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í bojú wẹ̀yìn. Òun ló rí wọn ní ìdárayá láti ọjọ́ Ajé. Àwa, ọjọ́ ìdíje nìkan ni a wá. (Ta ni nínú yín tó tilẹ̀ lè dárúkọ mọ́kànlá Shooting Stars tòní? Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.)

Ta ni nínú àwọn tó ń pariwo lórí WhatsApp yẹn ló rí ẹsẹ̀ atamátàsé náà? Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa bá oníròyìn sọ̀rọ̀ ṣáájú ìdíje, wọ́n a sì máa sọ ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì le. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni kí ẹ gbọ́. Ẹni tó ń lo ìṣẹ́jú 60 lọ sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ yàn, ẹ fi olórúkọ tó ń jókòó sílẹ̀. Ẹ parí rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ sì gbé fóònù náà kalẹ̀! Ìṣẹ́jú 90 ṣáájú eré àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn, inú ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn wọ̀nyẹn gan-an sì ni ariwo ti ń mú yín. Ẹ tún ń pààrọ̀ ju èyí tí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ lọ, póìǹtì 4 ń lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé lágbájá ní kí ẹ pààrọ̀.

Mo mọ̀ pé yíyàn tó dára náà lè já sófo. Haaland tó gbá góòlù 36 ní sáà 2022/23, ọ̀sẹ̀ wà tí kò rí ẹyọ kan gbá wọlé. Ẹni tó fi í ṣe balógun lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣìnà, kò sì yẹ kí ó tìtorí rẹ̀ já gbogbo ikọ̀ rẹ̀ palẹ̀. Ti ọmọ Òkè-Àdó yìí yàtọ̀, nítorí pé kò sí ìdí kankan tó lè sọ fún mi bí kò ṣe pé "wọ́n ní."

Oṣù Kejìlá ni eré máa ń súnmọ́ ara wọn jù, tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń fún àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù ní ìsinmi. Ẹ rí i pé àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yín ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò bá sì tíì san owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ó má dá kọ́bọ̀ sí líìgì ọ̀rẹ́ kankan.

Èmi ni bàbá yín,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.