Gúlúkóòsì inú páálí kọ́ ni ẹyin obìnrin ń wá

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ. Ó dára, àmọ́ ẹ fo ibi tó ń ká àwa onílé oògùn lára. Ọjà Ojúwòyè, ní Múṣin, ni kẹ́míìsì mi wà. Lemọ́lemọ́ ni obìnrin máa ń wá ra gúlúkóòsì onípáálí. Bí mo bá bi í pé ta ni ara rẹ̀ ò yá, á ní wọ́n ní kóun máa pò ó mọ́ ẹlẹ́rìndòdò kí ẹyin òun lè lágbára. Ta ni “wọ́n”? Ìyá ọkọ ni, tàbí ìyá alágbo.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òun ló jẹ́ kó máa tà. Ẹyin obìnrin nílò agbára kó tó lè gbó, ara gúlúkóòsì sì ni agbára náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n ẹyin fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lè lo gúlúkóòsì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wínníwínní tó rọ̀gbà yí i ká, tí wọ́n ń pè ní cumulus, ló ń sọ ọ́ di pyruvate, oúnjẹ tí ẹyin lè lò, fún un, bí ìyá àgbà ṣe ń bá ọmọ tí kò tíì héyín rún ẹran. Ìwọ̀nba sì ni wọ́n ń fẹ́. Bí ṣúgà bá pọ̀ lápọ̀jù lára, bíi ti alátọ̀gbẹ, iṣẹ́ wọn á dàrú, ẹyin ò sì ní gbó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀bà àti ìrẹsì lójúmọ́, kí ló tún ń fi gúlúkóòsì wá kiri?

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà yìí máa ń fo oṣù méjì, mẹ́ta. Irun a máa hù lágbọ̀n àwọn mìíràn. Ó lè jẹ́ PCOS, àìsàn tó ń da iṣẹ́ ilé ẹyin rú, tó ń bá nǹkan bíi obìnrin 1 fínra nínú 10 tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ. Ínsúlínì, hòmóònù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kì í ríṣẹ́ ṣe dáadáa lára púpọ̀ nínú wọn, ara á wá máa tú u jáde ṣáá, ilé ẹyin á máa pèsè hòmóònù ọkùnrin ju bó ṣe yẹ lọ, ẹyin ò sì ní já. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ ní kó máa mu ṣúgà!

Wọ́n á gbé ìyàwó lọ sórí òkè, wọ́n á pe ìyá àgbà ní àjẹ́, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì gún ìka aya náà láti yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ kíkán kan ni, láàárọ̀, kó tó jẹun. Bó bá ń tó 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àtọ̀gbẹ. 100 sí 125, ìkìlọ̀ ni. Kí ọkọ náà na ìka tiẹ̀, torí àtọ̀gbẹ kì í dá nǹkan ọkùnrin sí. LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti gbẹ̀bí ọmọ IVF (èyí tí wọ́n da ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara) àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1989, owó kéké ló gbé èèyàn débẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa.

Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ káńtà pé n ò ní ta gúlúkóòsì fún ẹni tó ń wá ọmọ láìjẹ́ pé mo yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Àwọn kan ti bínú lọ ra tiwọn lọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ní òdìkejì títì. Ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, kí òun náà lè kà á.

Oníkẹ́míìsì kan,
Ojúwòyè, Múṣin, Èkó.